Orí Kẹrin: Bí Ìwé Ṣe Ń Dé Orí Pẹpẹ

Ọmọ kan tó ń kàwé ní Ṣakí wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́. Ètè rẹ̀ ti bó, eruku ọ̀nà ti sọ bàtà rẹ̀ di pupa. Ó ní òun fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá òun lórí rògbòdìyàn Òkèhò àti Ìsẹ́yìn ti ọdún 1916, ìgbà tí àwọn ará ìlú méjèèjì dìde sí ètò ìjọba àti kóòtù tí òyìnbó gbé lé wọn lórí. Ọmọ Òkèhò ni òun fúnra rẹ̀. Mo tú gbogbo pẹpẹ wa, ohun tí mo rí kò ju ìpínrọ̀ kan lọ, nínú ìwé ìtàn tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Mo wá júwe Ìbàdàn fún un: kó lọ sí Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó béèrè The New Oyo Empire tí J. A. Atanda kọ ní 1973. Kó wá kọjá sí National Archives, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba sí nínú ọgbà yunifásítì kan náà, kó béèrè fáìlì Oyo Prof. Ó dúpẹ́, ó wọ mọ́tò. Ọmọ Òkèhò ń lọ sí Ìbàdàn lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé baba ńlá rẹ̀.

Ìbàdàn kò jalè. Wọ́n kó o jọ ni wọ́n fi ní in, a kò kó o jọ ni a kò fi ní in. Orí yìí wà fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ ilé-ìkàwé lé lọ́wọ́ ní Òkè-Ògùn, ìbáà jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti póòlì, ti ìjọba ìbílẹ̀, tàbí yàrá kan ṣoṣo tí ọba yọ̀ǹda lẹ́yìn ààfin. Mo fẹ́ sọ bí ilé-ìkàwé ńlá ṣe ń kó ìwé tirẹ̀ jọ, kí n sì sọ èyí tí apá wa ká nínú rẹ̀, nítorí kò sí ìdí tí a ó fi máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ́ Kenneth Dike kékeré sí Ṣakí.

Bí Ìbàdàn ṣe rí tirẹ̀ kó

Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. John Harris, ará New Zealand, ni alábòójútó ilé-ìkàwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n kó ìwé wá láti Higher College ní Yábàá, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìwé Henry Carr gbà. Ọmọ Èkó ni Carr, ọdún 1863 ni wọ́n bí i, ọ̀gá ni nínú ètò ẹ̀kọ́ àti ìjọba láyé òyìnbó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ra ìwé. Nígbà tó kú ní 1945, ìwé tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba ra gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ta ilé-ìkàwé tuntun náà lọ́rẹ.

Ẹ fojú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan tó mọ ìwé dáadáa ti jókòó fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìkàwé tó bá rí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ gbà ti jogún làákàyè ẹni tó ṣà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-ìkàwé ńlá láyé fi máa ń tọ́pasẹ̀ àwọn olówó ìwé, àwọn olùkọ́ àgbà àti àwọn òṣèlú tó ti ń darúgbó, tí wọ́n á máa kí wọn nígbà ọdún.

Ọ̀nà kejì ni òfin. Láti 1950 ni òfin ti sọ pé kí àwọn tó ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ní 1970, wọ́n ní kí òǹtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀dà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde. Méjì nínú rẹ̀ yóò dúró sí Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè títí láé, ọ̀kan yóò lọ sí Ìbàdàn. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé ìtàn ìlú tí wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá gáréèjì Ìsẹ́yìn yẹ kó ní ẹ̀dà kan ní Ìbàdàn. Ó yẹ ni mo wí o. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ìlú wa ni kò tíì gbọ́ nípa òfin yìí rí.

Ọ̀nà kẹta ni owó, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí n tó kúrò ní Ìbàdàn. Carr àti Herbert Macaulay kò rẹ́ láyé wọn. Ní 1924 Macaulay tẹ ìwé pélébé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń sọ gbangba pé kí Henry Carr máa lọ. Lónìí, ìwé Carr àti àwọn àkọsílẹ̀ Macaulay wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, inú Kenneth Dike Library. Bẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ ó gba ìwé lọ́wọ́ ìjòyè tó wà lórí oyè, ẹ ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó pè é lẹ́jọ́.

Macaulay yìí kan náà, ọmọ-ọmọ wa ni. Abigail, ìyá rẹ̀, ọmọ Samuel Ajayi Crowther ni, Òṣogùn nítòsí Ìsẹ́yìn níbí sì ni wọ́n ti kó Crowther lẹ́rú ní 1821. Àkọsílẹ̀ ọmọ-ọmọ wà ní Ìbàdàn. Lẹ́tà àti ìwé ìrìn-àjò bàbá àgbà wà láàárín ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS ní Yunifásítì Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá lọ wo pẹpẹ tiyín, kí ẹ ka iye ìwé tó dárúkọ Òṣogùn lórí rẹ̀.

Ojú-ìwé kan kí ẹ tó ra ẹyọ kan

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ ni kí owó kọ́kọ́ dé kí a tó ronú ohun tí a fẹ́ fi rà. Ẹ pe ọ̀gá, ẹ pe olùkọ́ méjì, ẹ pe ẹnì kan láàárín ìlú tí kì í ṣe olùkọ́ rárá: ahunṣọ, àgbẹ̀, nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni tó bá lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ọ̀gá. Ẹ kọ ìlànà yín sí ojú-ìwé kan ṣoṣo. Kó sọ ẹni tí ilé-ìkàwé náà wà fún, èdè tí yóò ní, ohun tí kò ní í gbà bí wọ́n tilẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, àti ohun tí òun nìkan ní láyé yìí tàbí tó ń gbèrò láti ní. Gbogbo wọn á fọwọ́ sí i. Ojú-ìwé yìí ni ẹ ó máa nà síta lọ́jọ́ tí káńsẹ́lọ̀ bá gbé ìwé ìpolongo rẹ̀ wá ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ilé-ìkàwé tó bá wà ní Ìsẹ́yìn tí kò ní ìwé kankan lórí aṣọ òfì ń dójú ti ìlú. Bí àlejò bá ti Èkó wá, tó fẹ́ mọ ohun tó ya sányán sọ́tọ̀ sí àlàárì àti ẹtù, ọ̀dọ̀ wa ló yẹ kó ti kọ́kọ́ dúró kó tó lọ bá àwọn ahunṣọ. Yunifásítì LAUTECH náà ti gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn, nítorí náà ìwé iṣu, ọkà bàbà àti kajú yóò rí ẹni kà á. Ní ti Ṣakí, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà sí wọn. Èmi á fi owó díẹ̀ ra ìwé èdè Faransé níbẹ̀, màá sì wá ohunkóhun tí wọ́n bá kọ ní èdè Bàrùbá àti ti Fúlàní, torí àwọn tó ń sọ wọ́n wà lọ́jà wa lójoojúmọ́.

Rírà

Póòlì àti yunifásítì ìjọba ń rí owó ilé-ìkàwé gbà lọ́dọ̀ TETFund. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ilé-ìkàwé ìlú kò ní irú ẹ̀. Owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún, tàbí ti ọmọ ìlú tó rí ṣe l'Ékòó. Bó ti wù kó kéré tó, ẹ pín in kó tó dọ́wọ́ yín. Bí mo ṣe ń pín tèmi nìyí: ìdajì fún ìwé tí àwọn òǹkàwé béèrè lórúkọ, ìdajì ohun tó kù fún ìwé atúmọ̀ èdè, àwòrán ilẹ̀ àti irú ìwé tí a kì í yá ẹnikẹ́ni gbé lọlé, èyí tó gbẹ̀yìn, mo máa ń so ó mọ́ etí aṣọ. Ìwé nípa agbègbè wa kì í kéde ara rẹ̀. Onítàwé á pè yín pé òun rí ọ̀kan, bẹ́ ẹ bá sì ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tí òǹkàwé ń fẹ́? Ẹ fi okùn so ìwé ẹ̀kísásáìsì kan mọ́ tábìlì, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ ní kí ẹni tí kò bá rí ohun tó wá wá kọ ọ́ síbẹ̀. Mo rò pé ìbéèrè JAMB ni yóò kún tèmi. Ó kún un lóòótọ́. Àmọ́ ní ojú-ìwé kẹta, ẹnì kan fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé òun ń fẹ́ ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì Bajaj, àwọn mẹ́ta sì ti kọ “èmi náà” sábẹ́ rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ì bá fi ìyẹn sínú lísìtì láéláé.

Ìbàdàn ni ọjà ìwé Yorùbá àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dà púpọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ lọ bá òǹtẹ̀wé fúnra rẹ̀. University Press àti HEBN wà ní Jẹ́ríkò níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀dínwó ilé-ìkàwé, nítorí wọn kì í sọ ọ́ fúnra wọn. Kí ẹ sì béèrè ìwé àtijọ́ tó bá ṣẹ́kù nílé ìkẹ́rùsí wọn, ibẹ̀ ni a ti máa ń rí ìwé Yorùbá tí kò sí lórí àtẹ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà ṣe, ará Ìsẹ́yìn lè lọ kó padà lọ́jọ́ kan náà. Kí ará Ṣakí máa palẹ̀ ibi tí yóò sùn mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹ la ìwé sí àárín, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: bí gọ́ọ̀mù bá ké tí ewé sì ń yọ, bí lẹ́tà bá ṣú lójú-ìwé kan tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lórí èkejì, ẹ dá a padà fún un, kó máa gbà á. Owó tí ẹ rò pé ẹ dín níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ni yóò gbà á.

Ohun tó burú ju ayédèrú lọ ni ìkánjú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní í dárúkọ, wọ́n gbọ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ra ogójì ẹ̀dà ìwé kan náà, ìwé ìṣirò owó tí ó ti pé ọdún méjìdínlógún, nítorí pé òun ló wà nílẹ̀ tó sì pọ̀. Àwọn aláyẹ̀wò ka iye ìwé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Bí mo ṣe ń wí yìí, ogójì náà ṣì pé. Mo mọ̀, torí èmi ni mo tẹ òǹtẹ̀ lù wọ́n.

Páálí láti òkè òkun

Ìwé ọ̀fẹ́ dára bí ẹni tó ń fúnni bá béèrè ohun tí a ń fẹ́. Book Aid International ní Lọ́ńdọ̀nù ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti 1954, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ìwé tuntun ni wọ́n sì ń kó ránṣẹ́ báyìí. Irú ẹ̀bùn kejì ni èyí tí ọmọ ìlú wa kan kó jọ láti gáréèjì àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó fi ọkọ̀ òkun gbé e, tó san owó ibodè, tí a sì fi ìlù pàdé rẹ̀. Mo ti bá wọn tú irú páálí bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé owó-orí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, ti 1994. Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń wa mọ́tò lórí yìnyín wà níbẹ̀. Ensaikilopéédíà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, láti A dé M; N dé Z wà níbi tó wà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ìwé méjì nípa àrùn ẹran ọ̀sìn tí a lò títí èèpo wọn fi bọ́. Nítorí irú méjì yẹn ni mo ṣe ń tú gbogbo páálí dé ìsàlẹ̀.

Ẹ dúpẹ́ tọkàntọkàn, nítorí ẹni náà náwó. Àmọ́ ẹ ti kọ lẹ́tà sí i kí ẹrù tó kúrò lọ́hùn-ún. Tèmi máa ń lọ báyìí: “A dúpẹ́ fún ìfẹ́ ìlú tí ẹ ní. Èyí tó bá bá ìlànà wa mu nínú ìwé náà ni a ó fi sórí pẹpẹ. Èyí tó kù, a ó fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá nílò rẹ̀, tàbí kí a tà á, kí a fi owó rẹ̀ ra ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn àwọn ìwé náà sí wa kí ẹ tó dì wọ́n.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ owó ọkọ̀ òkun. Bí ẹnì kan bá sì ní dandan ni kí ìwé òun wà papọ̀ nínú yàrá tí a kọ orúkọ òun sí, ẹ rántí pé 18,000 ni ti Carr. Páálí mẹ́ta kò ní yàrá.

Ohun tí ẹ ó máa fẹsẹ̀ wá

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí. Ìwé tí a ń rà, ilé-ìkàwé ẹgbẹ̀rún ló lè ní in. Ohun tí a máa fi jẹ́ ilé-ìkàwé Òkè-Ògùn kò sí lọ́dọ̀ onítàwé kankan: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìpè ìwúyè, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí fọ́tò gbogbo ìjòyè wà lórí rẹ̀, ìwé òfin ẹgbẹ́ ahunṣọ, ìwé ìtàn ìlú tí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ní igba ẹ̀dà. Àwọn ńlá mọ iyì irú nǹkan wọ̀nyí. Library of Congress ti Amẹ́ríkà ní ọ́fíìsì ní Nairobi láti 1966, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá ìwé Áfríkà kiri, títí kan ìwé pélébé tí kò dé ọjà. Bí wọn kò bá kà á sí wàhálà láti Washington, kò yẹ kó ni àwa tí a wà nílé lára.

Ìwé ètò ìsìnkú ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ojú-ìwé mẹ́jọ ẹ ó rí agbo ilé olóògbé, ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe ní Gánà kó tó wálé, orúkọ ọmọ àti ìlú tí wọ́n tẹ̀dó sí. Bẹ́ ẹ bá kó ogún jọ láti agbo ilé kan, ẹ ti ní ìtàn agbo ilé náà. Lọ́jọ́ kan mo dúró lọ́dọ̀ ìyá alákàrà kan ní ìkóríta, mo rí i tó ń fa ewé ìwé ya láti ara ètò ìsìnkú olùkọ́ àgbà kan, ojú-ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ fi ìwé mìíràn wé e, kí ẹ fún mi léyìí.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ṣé àkàrà lẹ fẹ́ rà ni àbí ìwé?” Mo ra méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ fún un, òun náà á sì fi èyí tó bá ní fọ́tò òkú lẹ́yìn pa mọ́ dè mí sínú láílọ́ọ̀nù. Kò sí owó TETFund tó ra àkójọ tó dára tó ti inú láílọ́ọ̀nù yẹn.

Ti àkọsílẹ̀ ìdílé le ju èyí lọ, ó sì ní bí a ṣe ń ṣe é. Bí olùkọ́ àgbà, ìjòyè tàbí àlùfáà bá kú, ẹ má lọ béèrè ìwé nígbà tí wọ́n ṣì ń gba àlejò. Ẹ jẹ́ kí ogójì ọjọ́ kọjá. Ẹ mú ẹnì kan nínú agbo ilé náà dání. Ẹ wọlé, ẹ kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, ẹ jókòó, ẹ gba omi tí wọ́n bá bù fún yín, ẹ máa lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ béèrè irú ẹni tí olóògbé jẹ́. Àwọn fúnra wọn ni yóò ní kí ọmọ kan lọ gbé àpótí wá láti yàrá. Ẹ béèrè ẹni tí í ṣe dáwódù, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí Èkó ló bá wà, nítorí ohun tí opó fi tọkàntọkàn fún yín lónìí, ọmọ lè gba lọ́yà lórí rẹ̀ lọ́la.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àpótí náà, ẹ wá ìwé ilẹ̀ jáde. Rìsíìtì ilẹ̀, àdéhùn ilẹ̀, àwòrán tí sọ̀fíyọ̀ yà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé dáwódù tàbí aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo ilé. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé èyí, ọ̀rọ̀ yóò dé ọjà kí ẹ tó délé pé ilé-ìkàwé ti kó ilẹ̀ ìdílé lọ. Ìyókù, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìwé méjì, kí ẹ̀yin àti àwọn jọ fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n fún yín pátápátá, tàbí kí wọ́n yá yín, kí ẹ dà á kọ, kí ẹ dá a padà.

Ọ̀nà kejì yìí ló bá àwọn áfáà wa lára mu. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní Lárúbáwá wà ní agbo ilé púpọ̀ ní Ìsẹ́yìn, àwọn mìíràn sì fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ogún ni wọ́n kà á sí, wọn kò sì ní í gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìwé Lárúbáwá, wọ́n ń yá ìwé lọ́wọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n ń yà á sórí fíìmù, wọ́n sì ń dá a padà fún oní-nǹkan. Endangered Archives Programme ti British Library, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ń tọ ọ̀nà kan náà. Fóònù tó wà lápò yín tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ẹ pa iná fóònù, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kí òǹkàwé lè mọ bó ti tóbi tó. Ẹ ya gbogbo ojú-ìwé, títí kan èyí tí kò ní nǹkan kan lára. Kí áfáà fúnra rẹ̀ máa ṣí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé, ẹ fi ọ̀kan sí ìlú mìíràn pátápátá.

Kí ló dé tí mo fi ní ìlú mìíràn? Ní 1862 iná jó ilé Crowther ní Èkó. Ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá bá iná lọ, pẹ̀lú Bíbélì tó ń túmọ̀ lọ́wọ́. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sọnù síbẹ̀. Ọdún 1901 ló kú, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀, ọdún 1921 ni a tó rí i kà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní.

Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ìlú pẹ̀lú. Ẹ ṣàlàyé òfin ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ ìwé pé Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ló ń fúnni ní nọ́ńbà ISBN. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún tiyín: ẹ̀dà kan lé lórí gbogbo iṣẹ́ tó bá ti orí ẹ̀rọ bọ́, títí kan èyí tí íńkì yí díẹ̀ tí wọn ì bá dà nù.

Àwọn ìwé àtijọ́ tí kò sí ní títà mọ́ náà kò jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Baptist, dé Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ìgbòho ní àwọn ọdún 1850. Ó kọ ìrìn-àjò rẹ̀ sí ìwé tó jáde ní 1857, nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, Smithsonian ní Washington tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀. Méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fún oníbáíńdì, ẹ tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ẹ ti ní in.

Ọmọ Òkèhò ọjọ́ sí padà wá, ó tó ọdún kan. Ó gbé ẹ̀dà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé tábìlì mi, ó ní kí n fi pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà wọ mọ́tò. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ “Òkè-Ògùn” nínú rẹ́jísítà. Ní ti rẹ́jísítà yìí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: nọ́ńbà, ọjọ́, àkọlé, ẹni tó kọ ọ́, ibi tí ẹ ti rí i, iye tí ẹ rà á tàbí orúkọ ẹni tó fún yín. Kí ìwé kankan má dé orí pẹpẹ kó tó wọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ètò ìsìnkú tó ní epo àkàrà lára.

Ríro àti ikán

Àgbẹ̀ ni gbogbo wa níbí, ríro ni mo sì ń pe yíyọ ìwé kúrò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó jẹ́ ìgbà ìsinmi, ẹ fa ìwé kọ̀ọ̀kan yọ, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yá a kẹ́yìn. Ìwé kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ dísíkì pẹlẹbẹ, ìwé oògùn tó ti pẹ́ débi pé ó lè ṣe aláìsàn léṣe, ìwé ìdánwò tí wọ́n ti yí sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ padà, ẹ mú wọn kúrò kí ẹ sì fa ìlà lé orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà. Ogójì ìwé ìṣirò owó yẹn ńkọ́? Ẹ fi méjì sílẹ̀. Àkójọ Òkè-Ògùn nìkan ni ọkọ́ kì í dé, bó tilẹ̀ ya, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tíì kà á.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, ikán ló ni ín. Pẹpẹ onírin ló dára. Bó bá jẹ́ pátákó, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú sí, kí ẹ sún un kúrò lára ògiri débi tí ọwọ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ọyẹ́ á fọ́ gọ́ọ̀mù ìwé, nítorí náà ẹ máa ti fèrèsé láàárọ̀ nígbà náà. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ẹ ṣí i kí èbu má baà hù. Kí oṣù Kejìlá tó dé, ẹ ro koríko yí ilé ká, nítorí àwọn tó ń dáná sungbó kì í wo ibi tí ilé-ìkàwé wà. Páálí tuntun kankan kò gbọdọ̀ sùn sínú yàrá ìwé lọ́jọ́ tó dé: ẹ gbé e sórí sìmẹ́ǹtì níta fún ọjọ́ mẹ́ta, lábẹ́ òrùlé, ẹ gbọn ìwé inú rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sun páálí náà. Inú ìlẹ̀pọ̀ ìdí páálí ni ikán máa ń bá ẹrù wọlé.